Pírínsípà Tó Ń Kọ́ Ọmọ Ní Ẹ̀bẹ̀

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ fìdí kalẹ̀. Ìtàn ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fẹ́ sọ fún yín, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méjì máa ń sọ tó bá ṣèèṣì tẹ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí ló fa àga kúrò lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ Adéwùnmí, pírínsípà ilé ẹ̀kọ́ jùníọ̀ kan ní Yábà, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìwáyà. Mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Àwọn ọmọ ṣì ń lọ síbẹ̀, wọn ò sì ṣẹ̀ mí.

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í jalè, kì í mutí, kì í pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́, àga rẹ̀ kì í sì í ṣófo ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì lọ́jọ́ ìsinmi. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń bá a jà: ó fẹ́ràn ara rẹ̀ bí abiyamọ ṣe ń fẹ́ràn àkọ́bí. Tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé onígíláàsì, á dúró, á mi orí sí ẹni tó bá rí níbẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń kàwé láti di ọ̀mọ̀wé. Ìwé náà kò tíì parí, ṣùgbọ́n òun kò lè dúró dè é, ó wá ní kí wọ́n máa pe òun ní Ọ̀mọ̀wé-Ń-Bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ń kí i láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀mọ̀wé-Ń-Bọ̀." Àlejò kan wà tó gbọ́ ìkíni yìí lọ́jọ́ kan, tó dúró sí géètì, tó ń wo ojú títì, tó ń retí ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ní ó ń bọ̀.

Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, nǹkan tuntun méjì ni ọ̀gá mú wọ ọgbà. Èkíní ni eyín. Eyín iwájú rẹ̀ kan yọ lásìkò ìsinmi, dókítà eyín kan ní Sùúrùlérè sì fi àtọwọ́dá dí àlàfo náà. Eyín yìí funfun ju àwọn ará ilé rẹ̀ lọ, kò sì tíì mọ́ra, bí ọ̀gá bá ti sọ gbólóhùn gígùn kan tán, ahọ́n rẹ̀ á yára lọ wò ó, á fà á mu díẹ̀, á fi í sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni Òpó Mẹ́rin. Ọ̀wọ̀, Òótọ́, Ètò, Ẹ̀bẹ̀: ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ wọ́n gàdàgbà gàdàgbà sára ògiri tó dojú kọ títì, pẹ̀lú àlàyé lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ Ọ̀wọ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣíwájú àgbà nínú ohunkóhun. Lábẹ́ Òótọ́, wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ̀ tó tún sẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti di méjì. Ètò kan ìbọ̀sẹ̀, ìlà títò, àti bí ọmọ ṣe gbọdọ̀ di síbí mú. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bẹ̀ ni ààyò ọ̀gá láàárín wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Òpó Mẹ́rin, wọ́n pe àwọn òbí, wọ́n pa kánópì, ọ̀gá sì gun orí pèpéle pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú oòrùn Èkó.

"Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́," ó ní, "ẹ̀bẹ̀ ti kú láyé. Sọ́rì ni àwọn ọmọ ìwòyí ń sọ. Kí ni ń jẹ́ sọ́rì? Ohùn ẹ̀fọn ni. Ẹ̀bẹ̀ tòótọ́ ní ìdúró tirẹ̀, ó ní ìkúnlẹ̀, ó ní gbólóhùn."

Ó wá ṣàlàyé bí ẹ̀bẹ̀ tòótọ́ yóò ṣe máa lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ yóò jáde wá sórí pèpéle lójú gbogbo asẹ́ńbílì. Yóò kúnlẹ̀ tó bá jẹ́ obìnrin, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja tó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe, yóò ní ẹ̀bi òun ni, yóò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tí òfin yìí yóò yọ sílẹ̀ nínú ọgbà náà, ìbáà jẹ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ olùkọ́. Nígbà tó rí i pé ojú àwọn òbí wà lára òun pinpin, adùn ọ̀rọ̀ gun orí rẹ̀, ó sì fi í kún un pé: "Ìbáà jẹ́ èmi pàápàá."

Kánópì fẹ́rẹ̀ẹ́ wó nítorí àtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Sùnmọ́nù, olùkọ́ tó ń rí sí ìwà àwọn ọmọ, tó sì tún ń rí sí inú dídùn ọ̀gá ju ìyẹn lọ, nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó ní ìrẹ̀lẹ̀ ọ̀gá ń dẹ́rù ba òun. Òun náà ló sáré lọ bá ẹni tó ń kun ògiri pé kó fi í kún un níbẹ̀: ÌBÁÀ JẸ́ Ọ̀MỌ̀WÉ-Ń-BỌ̀ PÀÁPÀÁ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọkàn sí i pé ẹnikẹ́ni kò fi tipá gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkùnrin yìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ọ̀gá ń fi máíkì sọ̀rọ̀ ní asẹ́ńbílì ọjọ́ Ajé lórí bí ìbọ̀sẹ̀ ṣe ń fi ọkàn ọmọ hàn. Ó ti sọ ọ́ débi tí ìbọ̀sẹ̀ ti bá ọ̀làjú orílẹ̀-èdè tan nígbà tí òṣé kan jáde. Òṣé tó gùn, tó tutù, bí ti ìyàwó tí wọ́n ní kó padà lọ tún ọbẹ̀ sè. Apá ibi tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ńlá wà ló ti jáde, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà àwọn JSS 2, gbogbo pápá ló sì gbọ́ ọ.

Ọ̀gá béèrè ẹni tó pòṣé. Sùnmọ́nù ti sáré débẹ̀, ẹni tó sì sún mọ́ ẹ̀rọ jù lọ ló fà jáde. Ọmọbìnrin kan ni, Saidat lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá, tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ni kápútẹ̀nì kíláàsì rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ameenah, jẹ́ télọ̀ ní Ìwáyà, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni wọ́n ti wá.

"Èmi kọ́, sà," ni Saidat wí.

Ó sẹ́ ni, àbí? Ẹ̀ṣẹ̀ di méjì. Wọ́n ní kó kúnlẹ̀ lórí pèpéle kó bẹ̀bẹ̀. Ó kúnlẹ̀, nítorí ó lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ ohun tí ènìyàn kò ṣe. Wọ́n fi í síbẹ̀ títí oòrùn fi mú un lórí. Lẹ́yìn náà, wọ́n já báàjì kápútẹ̀nì lára rẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó dé géètì, àwọn ọmọ ti fún un lórúkọ: Olóṣèé.

Ìyáàfin Adùnọlá Àkàngbé, igbákejì pírínsípà, wọlé tọ ọ̀gá lọ. Ó ní òun mọ ọmọ náà, òṣé kò sí nínú ìwà rẹ̀. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó ń ṣàánú. Ó ní ìjìnlẹ̀ Òpó Mẹ́rin kò tíì yé ìyáàfin, àmọ́ yóò yé e bó bá yá.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òṣé náà dun ọ̀gá dé egungun. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò lè jẹun tán. Ó ń bi Rosaline, ìyàwó rẹ̀, bóyá ohun kan wà lára òun tó lè mú kí ọmọ kékeré kẹ́gàn òun. Rosaline, tó ti pẹ́ nínú ilé náà, ní òun kò rí nǹkan kan, ó sì bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá gun pèpéle pẹ̀lú ojú aṣẹ́gun. Ó ní wọ́n ti fa èpò tu, oko ti mọ́. Ó ní, "Èyí ni a ń pè ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ìṣàkóso ìwà ọmọlúàbí láwùjọ," ó sì dánu dúró kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ̀ wọ́n lára.

Òṣé jáde.

Ojú ọ̀gá lọ sí ìlà àwọn JSS 2. Saidat wà nílé wọn ní Ìwáyà. Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ mìíràn, ó parí rẹ̀, òṣé kejì jáde. Sùnmọ́nù sáré lọ sápá òsì, ó dé ibẹ̀, ó ń wo ẹnu àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kẹta jáde lẹ́yìn rẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò fi ìwé bo ojú. Àsìkò yìí gan-an ni Nẹ́pà mú iná lọ.

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọlọ́gbọ́n á sọ pé ó tó bẹ́ẹ̀, á ní kí àwọn ọmọ máa lọ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ kì í ṣe ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná lè pa lẹ́nu mọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó ń bọ́rọ̀ lọ láìsí máíkì, ó parí gbólóhùn kan tó gùn bí ojú irin, ahọ́n rẹ̀ sì yára lọ wo eyín. Òṣé kékeré kan ró ketekete láàárín ètè ọ̀gá méjèèjì. Gbogbo JSS 1 tó wà níwájú ló gbọ́ ọ, tí wọ́n sì rí i.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Purity, òun ló kúrú jù, òun ló sì mọ Òpó Mẹ́rin sórí jù. Ó na ọwọ́ sókè. Ọ̀gá ní kó sọ̀rọ̀, ó rò pé ìbéèrè ló fẹ́ bi òun lórí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni Purity wí, "ẹ̀yin lẹ ń pòṣé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀gá, ọmọ àti olùkọ́, wọ́n ń retí èyí tó kàn. Ọ̀gá pa ẹnu dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle láìsọ pé ó dìgbà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ sì nìyẹn.

Nínú ọ́fíìsì, Sùnmọ́nù wádìí ọ̀rọ̀ náà kíákíá, ó sì mú ọ̀daràn: ó ní máíkì ló jẹ̀bi. Ó ní máíkì tó bá lẹ́kọ̀ọ́ kì í gbé ohun tí kò kàn án. Ọ̀gá mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni, wọ́n sì ti máíkì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ inú sítọ̀ títí sáà yóò fi parí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ti gbọ́ ọmọ tí wọ́n lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ rí. Ẹ wá gbọ́ ti máíkì.

Ìyáàfin Adùnọlá dúró kí Sùnmọ́nù jáde tán. Ó ní, "Sà, ẹ jẹ́ ká pe ọmọ náà padà. Ẹ sọ fún un pé kó má bínú. Ó parí náà nìyẹn."

"Níwájú àwọn ọmọ?"

"Níwájú wọn náà lẹ ti dá a lẹ́bi, sà."

Ọ̀gá wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó rìn níhòòhò wọ ọjà Ọ̀yìngbò. Ó ní kí wọ́n kàn ránṣẹ́ sí ilé ọmọ náà pé òun ti dárí jì í.

Lọ́jọ́ kejì, Ameenah mú ọmọ rẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó sì jókòó. Okùn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Wọ́n ní ẹ ti dárí ji Saidat, sà," ó ní. "Ẹ ṣeun. Kí ló ṣe?"

Ọ̀gá wúkọ́ díẹ̀. Ó ní nínú iṣẹ́ ìṣàkóso, àwọn ohun kan a máa wáyé ní ìgbà mìíràn, tí ó jẹ́ pé bí a bá fi ojú inú wò wọ́n, a ó rí i pé ipò tí nǹkan wà ló fà á, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ó sọ̀rọ̀ náà pẹ́. Ameenah gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìyí ojú kúrò.

"Sà," ó ní, "wọ́n ti ń pe ọmọ yìí ní Olóṣèé nídìí ẹ̀rọ omi wa. Kì í jáde mọ́. Mi ò bá ìjà wá. Bí mo ṣe ń wọlé, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ sára ògiri yín. Ẹ̀bẹ̀ tẹ́ ẹ fi ń kọ́ wọn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi bẹ ọmọ mi. Ẹ má bẹ èmi o. Òun ni."

Ọ̀gá ní òun yóò dá báàjì rẹ̀ padà. Ameenah dúpẹ́. Ọ̀gá ní òun lè fi í ṣe olórí àwọn ọmọbìnrin gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ameenah tún dúpẹ́. Ọ̀gá ní òun yóò fún un ní yunifọ́ọ̀mù tuntun, ìyẹn ló wá pa Ameenah lẹ́rìn-ín, nítorí òun ló rán èyí tó wà lọ́rùn ọmọ náà, ó sì dára ju ti ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó dìde. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ níwájú ọ̀gá, ó ní kó padà sí kíláàsì, kó kàwé rẹ̀, kó bọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Tó bá ti di asẹ́ńbílì ọjọ́ Ajé, kó lọ dúró síbi tí wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀. Kó má sọ̀rọ̀, kó má ba ojú jẹ́. Kó kàn máa dúró.

Bẹ́ẹ̀ ni Saidat ṣe. Lọ́jọ́ Ajé, ó kúrò lórí ìlà, ó gun pèpéle, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá dáadáa, ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọ̀gá tó ti la ẹnu láti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa èékánná gígùn rí i, ó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ní oòrùn ti mú jù, kí asẹ́ńbílì túká. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òjò ń bọ̀. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wo òkè, ojú ọ̀run funfun bí àwo. Lẹ́yìn náà, ó ní ìwádìí tuntun ti fi hàn pé inú kíláàsì ni asẹ́ńbílì ti ń ṣe ọmọ láǹfààní jù. Nígbà tí ìyẹn náà kò bo ìtìjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìpàdé ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Mo mọ ibi tí ó ti ń ṣe ìpàdé náà. Inú mọ́tò rẹ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Ọ̀yìngbò, òun nìkan pẹ̀lú ẹ̀pà àti bébà tí wọ́n fi wé e, á máa wo aago títí àkókò asẹ́ńbílì yóò fi kọjá. Ní ọgbà, Saidat á gun pèpéle òfìfo, á dúró níwọ̀n ìgbà tó yẹ, á sì lọ sí kíláàsì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá fẹjú ni ọ̀rọ̀ Quadri àti Dennis. Àwọn méjèèjì jà ní JSS 3, wọ́n fa aṣọ ya, Sùnmọ́nù sì ní kí wọ́n bẹ ara wọn bí Òpó Kẹrin ṣe wí. Quadri kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó fi ọ̀wọ̀ dáhùn.

"A fẹ́ bẹ̀bẹ̀, sà," ó ní. "Ṣùgbọ́n Òpó Kìíní sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ ṣíwájú àgbà nínú ohunkóhun. Pírínsípà ló kàn. A ń dúró dè wọ́n ni."

Sùnmọ́nù jáde lọ síta, ó lọ ka ògiri. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Kò rí ibi tí yóò gbà. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti ràn. Ọmọ tó da íńkì sí ìwé ẹlòmíì lára ń dúró de pírínsípà. Ọmọ tó jẹ oúnjẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dúró de pírínsípà. Ọ̀gbẹ́ni Yínká tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, tí kò tíì máàkì ìwé ìdánwò, sọ fún Ìyáàfin Adùnọlá láìrẹ́rìn-ín pé òun kò jẹ́ rí ọ̀gá fín. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà tò sẹ́yìn Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń tò sílé epo nígbà ọ̀wọ́ngógó, ẹni tó wà níwájú sì pa mọ́tò rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ sọnù.

Ọ̀gá wá rò ó, ó rí i pé ògiri ló ń dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọ̀dà funfun pa ìlà kan ṣoṣo rẹ́ níbẹ̀, ìlà tó pe orúkọ òun. Wọ́n pa á rẹ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ Òpó Mẹ́rin, kò sí ará Yábà kan tó dúró kà á. Ṣùgbọ́n àmì funfun gàdàgbà yẹn láàárín ọ̀dà pupa dá gbogbo ènìyàn dúró. Ọlọ́kadà dúró, ó béèrè. Àwọn ìyá ìjọ tó ń bọ̀ láti ìpàdé dúró, wọ́n béèrè. Àwọn ọmọ sì ń dáhùn, nítorí Òótọ́ jẹ́ òpó kejì. Òbí kan tó ti ya fọ́tò ògiri náà lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí Òpó Mẹ́rin tún un yà, ó gbé àwòrán méjèèjì sínú Wọ́sáàpù àwọn òbí, kò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ó yẹ kí ọkùnrin yìí ti sọ ọ́ báyìí kó sì simi, ìtàn yín kọ́ ni mo ń sọ. Ó gbìyànjú. Ó máa ń dúró níwájú dígí nínú bálùwẹ̀ ilé rẹ̀, á na ọrùn, á ní, "Saidat." Lẹ́yìn ìyẹn, ojú inú rẹ̀ á rí gbogbo ọmọ pápá, á rí Purity tó na ọwọ́ sókè, ooru á bò ó, á sì gbọ́ tí Rosaline ń kan ilẹ̀kùn pé ilẹ̀ ti mọ́.

Kí gbogbo èyí tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀gá ti fi ìwé pe àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n wá wo Òpó Mẹ́rin. Ọkàn rẹ̀ ni pé wọn yóò wò ó, wọn yóò sì gbé òun ga. Ó ti gbàgbé. Àwọn kò gbàgbé. Ọjọ́ Ajé sì ni wọ́n yàn, wọ́n ní asẹ́ńbílì gan-an làwọn fẹ́ rí.

Ọ̀gá wọ kóòtù. Ó pàṣẹ fún Sùnmọ́nù pé kó dá Saidat dúró ní géètì títí àlejò yóò fi lọ. Sùnmọ́nù ní iṣẹ́ kékeré ni. Ó dá a dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò àwọn aláṣẹ yọ, tó rí i pé wọ́n pọ̀, wọ́n sanra, wọ́n sì ga ju ọ̀gá òun lọ nípò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́. Ó sáré lọ ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Saidat kọjá lẹ́yìn rẹ̀, ó lọ sórí ìlà.

Ẹni tó ṣáájú àwọn àlejò ni Ìyáàfin Jael, obìnrin àgbàlagbà kan tó ti kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ tó pọ̀, tí jígí ojú rẹ̀ máa ń rọra sọ̀ sí imú. Wọ́n kọrin tán, wọ́n gbàdúrà tán. Saidat jáde, ó gun pèpéle, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó kúnlẹ̀ kí àwọn àlejò, ó dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyáàfin Jael béèrè ohun tí ọmọ náà ń fẹ́. Ọ̀gá ní ara ètò ni. Ìyáàfin Jael ní ọmọ náà lòun bi.

Saidat sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó sọ ti òṣé, ti oòrùn orí pèpéle, ti báàjì, ti bí wọ́n ṣe lé òun lọ sílé. Nígbà tó kan orúkọ tí wọ́n ń pè é, ó sọ ìyẹn náà, ó sì parí rẹ̀.

Ìyáàfin Jael ti jígí sókè. Ó béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò sẹ́ni tó já ọmọ náà nírọ́, àní Sùnmọ́nù ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó tán nìyẹn, ọ̀gá," ni Ìyáàfin Jael wí. "Nǹkan kékeré ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ká lè wo kíláàsì yín."

Ọ̀gá bọ́ síwájú. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwùjọ ènìyàn ti ń wá ọ̀nà tí a ó fi máa tún ohun tó bá wọ́ ṣe. Ó ní a rí i gbọ́ pé ohùn kan jáde, a kò sì lè sọ pé ohùn náà kò jáde. Ó ní afẹ́fẹ́ ní ojú ibi tó ń gbà, irin ẹ̀rọ náà sì ní tirẹ̀. Oòrùn ń gùn. Ìlà JSS 1 kọ́kọ́ jókòó sórí koríko, JSS 2 tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ wá òjìji lọ. Ọ̀gá ní ìbànújẹ́ jẹ́ ohun tí ọkàn tó bá lajú kò ṣàìmọ̀.

"Ọ̀gá," ni Ìyáàfin Jael wí, "orúkọ ọmọ náà ni Saidat."

Ọ̀gá wo ọmọ náà lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò rí ìkórìíra níbẹ̀, ìyẹn ló tún ba nǹkan jẹ́. Ó kàn rí ọmọ tó ń dúró, bí ìgbà tí wọ́n ń dirun fún ẹlòmíì tó sì mọ̀ pé yóò kan òun. Ohun kan rọ̀ nínú ọ̀gá. Ẹ gbà mí gbọ́, ó kù díẹ̀. Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Saidat," ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ sì lọ wo eyín.

Láìsí máíkì, nínú ìdákẹ́jẹ́ pápá yẹn, òṣé náà gùn ju gbogbo èyí tó ti jáde rí lọ.

Ìyáàfin Jael yọ jígí ojú rẹ̀ pátápátá. "Ọmọ yìí lẹ pòṣé sí?"

"Èmi kọ́," ni ọ̀gá wí.

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ ohun tó sọ. Purity nìkan ló tún na ọwọ́ sókè, olùkọ́ rẹ̀ sì rọra bá a sọ ọ́ kalẹ̀.

Wọn kò lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kàn gbé e lọ síbi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ sí, lápá Ọ̀yìngbò, ilé kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń há, tí ikán ti ń ka ìwé ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló wà níbẹ̀, kò sí ọmọ kankan tí yóò kí i. Sùnmọ́nù bá a gbé ẹrù dé ìdí mọ́tò, ó sunkún díẹ̀, ó sì sáré padà lọ bi Ìyáàfin Adùnọlá orúkọ oyè tó bá fẹ́ kí àwọn máa pe òun, níwọ̀n ìgbà tí òun ló ń dele báyìí. Ìyáàfin ní "Mà" tó òun.

Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́, Ìyáàfin Adùnọlá kò gun pèpéle. Ó dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìlà JSS 2, ó ní kí Saidat bọ́ síwájú. Ameenah wà ní ẹ̀gbẹ́ géètì pẹ̀lú àwọn òbí díẹ̀.

"Saidat, ìwọ kọ́ lo pòṣé," ó ní. "Àwa la ṣẹ̀ ọ́, èmi náà wà níbẹ̀, mi ò sì sọ̀rọ̀ tó. Má bínú."

Saidat kò mọ ibi tí yóò kó ojú sí. Ó ní, "Ó ti tán, mà." Wọ́n lẹ báàjì padà sí i láyà, ó sì padà sórí ìlà. Bó ṣe rí nìyẹn. Omi inú ọ̀rá tí Ameenah ń mu ní géètì kò tíì tán.

Lẹ́yìn náà ni Quadri jáde, Dennis tẹ̀ lé e. Ẹni tó da íńkì jáde. Ọ̀gbẹ́ni Yínká náà jáde pẹ̀lú ìdì ìwé ìdánwò lábíyá. Wọ́n bẹ ara wọn títí ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ fi kọjá, kò sẹ́ni tó ráhùn. Mi ò ní purọ́ fún yín pé orúkọ Olóṣèé kú lọ́jọ́ yẹn, orúkọ burúkú kì í kú bọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá pè é lẹ́yìn ìgbà yẹn, òun nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ nílé rẹ̀ ní Sùúrùlérè nírọ̀lẹ́. Inú bí i. Ó ń rìn síwá sẹ́yìn ní pálọ̀. Ó ní obìnrin náà kò mọ ètò, pé ó dúró sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pé kò sọ ìtàn, kò ṣe àlàyé, pé wọ́n ti sọ ẹ̀bẹ̀ di yẹpẹrẹ. Ó ní bó bá jẹ́ òun ni, gbogbo Yábà ni yóò mọ̀ pé wọ́n bẹ̀bẹ̀.

Rosaline ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ kékeré lórí àga. Kò gbójú sókè. "Kí ló wá sọ fún ọmọ náà gan-an?" ló bi í.

"Ó ní," ni Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ wí. Ó dúró. "Ó ní kó." Ó lọ bu omi mu, ó padà wá. "Ó ní kó má ṣe fi ojú tí kò yẹ wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé."

Rosaline tẹjú mọ́ ọn. Ó ti pẹ́ tí òun náà ti ń retí ọ̀rọ̀ méjì yẹn nínú ilé náà, ó sì dúró díẹ̀ sí i, bóyá yóò jáde. Nígbà tí kò jáde, ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.